Ibi Tí Òjò Mọ: Ìtàn Àwọn Àgbẹ̀ Orroroo, Quorn àti Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Willochra ní Ilẹ̀ Ọsirélíà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa

 

Iṣẹ́ tí Ẹgbẹ́ gbé lé wa lọ́wọ́ ní ọdún yìí ni láti sọ ìtàn ìlú àwọn àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ òkèèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ni ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè fi kàn wá, èsì wa ni pé ẹni tí yóò tún ìlú tirẹ̀ ṣe kò gbọdọ̀ mọ ìlú tirẹ̀ nìkan. A mú ilẹ̀ Ọsirélíà nítorí pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ àti òjò ti bá ara wọn ṣe ẹjọ́ gígùn kan, ẹ̀rí ẹjọ́ náà sì wà ní orí ilẹ̀ títí di òní fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó.

BÍ ILẸ̀ NÁÀ TI RÍ

Ọsirélíà jẹ́ ilẹ̀ ńlá tí òkun yí ká, ní ìhà gúúsù ayé. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni ó parapọ̀ ní ọdún 1901 láti di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wọn ni Gúúsù Ọsirélíà, tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Adelaide. Ìpínlẹ̀ kan yìí tóbi díẹ̀ ju gbogbo Nàìjíríà lọ, síbẹ̀ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 2. Kí ni ó fà á? Omi ni. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Ọsirélíà, kò sí èyí tí ó gbẹ tó o. Ní ẹ̀gbẹ́ òkun ní ìhà gúúsù ni òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Bí ènìyàn bá ti ń lọ sí àríwá ni òjò ń dín kù, títí yóò fi dé aṣálẹ̀, níbi tí àwọn adágún ńláńlá wà nínú àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ẹrẹ̀ àti iyọ̀ gbígbẹ ni ènìyàn yóò bá nínú wọn ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí a bá kúrò ní Adelaide tí a sì rin nǹkan bí máìlì 160 sí àríwá, a ó dé ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Orroroo. Níwájú rẹ̀ ni àwọn Òkè Flinders bẹ̀rẹ̀ sí í ga, òkè olókùúta pupa tí ó nà lọ bí ẹ̀yìn ẹranko ńlá. Láàrin àwọn òkè wọ̀nyí ni Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Willochra wà, ilẹ̀ títẹ́ rẹrẹ tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀ bọ̀rọ̀, ìlú Quorn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Odò kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Willochra, ṣùgbọ́n iyanrìn àti òkúta ni ó wà ní ojú odò náà ní ọ̀pọ̀ oṣù. Bí òjò ńlá bá wá rọ̀ ní orí òkè, omi a dé lójijì, a sì gbé ohun gbogbo tí ó bá bá ní ọ̀nà.

Àsìkò wọn yàtọ̀ sí tiwa. Ìgbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní ọ̀dọ̀ wa ní oṣù Kejìlá, oòrùn ni ó ń jó wọn. Ìgbà òtútù wọn, láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá, ni òjò wọn ń rọ̀. Ní nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹfà ni àgbẹ̀ ń gbin àlìkámà, tí a fi ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì, a sì máa kórè rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá. Nítorí náà, gbogbo ìrètí ọdún wà lọ́wọ́ ìwọ̀nba òjò oṣù mélòó kan. Bí òjò wọ̀nyí bá kùnà, kò sí àròkúrò tí yóò dí àlàfo náà.

ÀWỌN TÍ WỌ́N KỌ́KỌ́ NI ILẸ̀ NÁÀ

Kí òyìnbó tó dé, ilẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Àwọn Ngadjuri ni wọ́n ni ilẹ̀ ní àyíká Orroroo, àwọn Nukunu ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, àwọn Adnyamathanha sì ni wọ́n ni àwọn òkè. Wọ́n mọ gbogbo ojúsun omi ní orúkọ, wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn wà ní ibì kan àti ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣí kúrò níbẹ̀ kí ibẹ̀ lè sinmi. Wọn kì í fi agbára mú ilẹ̀ náà. Wọ́n ń bá a rìn ni.

Ní ọdún 1836 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá Gúúsù Ọsirélíà sílẹ̀. Kò ju ogún ọdún lẹ́yìn náà lọ tí àwọn olówó àgùntàn fi dé ẹsẹ̀ Òkè Flinders. Ní ọdún 1852, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Hugh Proby, ọmọ ìjòyè láti ilẹ̀ òkèèrè, dá ibùdó àgùntàn kan sílẹ̀ ní Kanyaka. Ní ọdún náà gan-an ni odò Willochra tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kún lójijì, ó sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ibùdó náà kò parẹ́. Àwọn mìíràn gbà á, wọ́n fi òkúta kọ́ ilé sí i, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti ibẹ̀ jẹun. Ibi omi tí àwọn onílẹ̀ ti ń mu láti ayébáyé ni àgùntàn wá ń mu, bẹ́ẹ̀ ni ìjà àti ìyà ṣe bẹ̀rẹ̀ fún àwọn onílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di darandaran àti alágbàṣe ní orí ilẹ̀ baba wọn. Ó di ọdún 2009 kí ilé ẹjọ́ tó kéde pé àwọn Adnyamathanha ní ẹ̀tọ́ àbáláyé sí apá ńlá nínú ilẹ̀ wọn. A sọ èyí nítorí pé ìtàn ìlú kan kò pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àlejò.

ỌKÙNRIN TÍ Ó FA ÌLÀ

Orúkọ tí kò gbọdọ̀ sọnù nínú ìtàn yìí ni George Woodroffe Goyder. Liverpool ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1826, ó dé Adelaide ní ọdún 1851, ó sì di Olórí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ní ọdún 1861. Ó kúrú, ṣùgbọ́n kì í sinmi, nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe sọ ọ́ ní Agbára Kékeré.

Ní ọdún 1857, kí ó tó di olórí, wọ́n rán an lọ sí àríwá. Ó dé ìhà Adágún Torrens lẹ́yìn òjò ńlá, ó bá omi dídùn tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ àti ewéko tútù, ó sì kọ̀wé padà pé ilẹ̀ náà dára. Ní ọdún kan náà ni ọ̀gá rẹ̀, Freeling, gbé ọkọ̀ ojú omi tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀. Ẹrẹ̀ ni ó bá. Omi ti lọ. Goyder kò gbàgbé ìtìjú náà. Ó kọ́ ọ pé òjò ọdún kan lè tan ènìyàn jẹ.

Ní ọdún 1864 àti ọdún 1865, ọ̀dá líle mú ilẹ̀ náà. Àgùntàn kú ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn olówó àgùntàn sì bẹ ìjọba pé kí wọ́n dín owó ilẹ̀ kù fún wọn. Ìjọba ní kí Goyder lọ wo ibi tí ọ̀dá náà dé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1865, ó gun ẹṣin, ó sì lọ yí gbogbo ẹnu ààlà náà ká. Kò wo ọ̀run rárá, ilẹ̀ ni ó wò. Níbi tí ó bá ti rí igi tí wọ́n ń pè ní mallee, ó mọ̀ pé òjò ń dé ibẹ̀ déédéé. Níbi tí igi náà bá ti tán, tí ó bá ku igbó kúkurú aláwọ̀ eérú tí ewé rẹ̀ níyọ̀, ó mọ̀ pé òjò ibẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Òjò ọdún kan lè purọ́, ṣùgbọ́n igi tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìran dé ìran kò ní purọ́.

Ó wá fa ìlà kan sínú àwòrán ilẹ̀. Ní gúúsù ìlà yìí, ẹ lè gbin àlìkámà. Ní àríwá rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún àgùntàn. Àwọn tí wọ́n fi ohun èlò wọn òjò lẹ́yìn náà rí i pé ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ibi tí òjò ọdún kan ti ń tó íǹṣì 10 sí 12 mu. Kí ẹ lè mọ bí ó ti kéré tó, òjò tí ń rọ̀ sí ìlú Ìbàdàn ní ọdún kan tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Ìlà Goyder ni wọ́n ń pè é títí di òní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìlú Orroroo sì wà.

ÀWỌN ỌDÚN Ọ̀PỌ̀

Ní ọdún 1869, ìjọba ṣe òfin pé tálákà pàápàá lè ra ilẹ̀ ní àwìn, tí kò ju éékà 640 lọ, bí ó bá gbà láti máa gbé orí rẹ̀ kí ó sì máa ro ó. Òfin ọdún 1872 mú àǹfààní yìí gbòòrò dé Ìlà Goyder, ó sì dúró níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Ireland, àti nínú àwọn ọmọ Jámánì tí wọ́n ti wà ní gúúsù. Òjò ń rọ̀, àlìkámà ń so. Ìgbà náà ni ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀: kí ni ìlà tí ọkùnrin kan fà láti orí ẹṣin fi lè dí ènìyàn lọ́wọ́? Àwọn ìwé ìròyìn fi Goyder ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ kan sì dé láti Amẹ́ríkà, pé bí a bá ti túlẹ̀, òjò yóò tẹ̀lé ohun ìtúlẹ̀ lọ síbikíbi tí ó bá lọ. Ohun tí ènìyàn bá fẹ́ gbọ́ kì í pẹ́ di òtítọ́ ní etí rẹ̀. Ní ọdún 1874, Ilé Aṣòfin pa ìlà náà rẹ́ kúrò nínú òfin.

Nígbà náà ni gbogbo ènìyàn rọ́ lọ sí àríwá. Wọ́n wọn ìlú lé ìlú: Carrieton, Hammond, Johnburgh, Cradock, Gordon, Wilson. Ní ọdún 1878, wọ́n dá Quorn sílẹ̀, ọ̀nà ojú irin láti Port Augusta sì dé ibẹ̀ ní ọdún 1879. Ní ọdún 1878 bákan náà, wọ́n sọ ibì kan tí ó jìnnà réré ní àríwá ní Farina, èyí tí í ṣe ìyẹ̀fun ní èdè Látìnì, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé ibẹ̀ yóò di oko àlìkámà. Òjò Farina ní ọdún kan kò ju nǹkan bí íǹṣì 6 lọ. Ní Simmonston, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ńlá kan fún àwọn àlejò tí ọkọ̀ ojú irin yóò gbé wá. Ojú irin gba ọ̀nà mìíràn, wọn kò sì parí ilé náà títí di òní.

A kò gbọdọ̀ fi àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ gan-an. Ní ọdún 1876, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Richard Bowyer Smith ṣe ohun ìtúlẹ̀ kan tí irin rẹ̀ lè gbé ara rẹ̀ sókè bí ó bá kọlu gbòǹgbò, kí ó sì tún sọ̀kalẹ̀ padà, kí ó má baà ṣẹ́. Àwọn obìnrin wọn gbé inú ilé olókùúta tí òrùlé rẹ̀ ń gbóná bí ààrò, wọ́n ń fa omi láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ní agbára, wọ́n sì ní ìfẹ́ iṣẹ́. Ilẹ̀ tí kò gbà ni wọ́n kó agbára náà lé.

ÀWỌN ỌDÚN Ọ̀DÁ

Àwọn àgbà wa ní òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí ni eji ń pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dá rí. Láti ọdún 1880, òjò kọ̀, ó sì kọ̀ léraléra. Àlìkámà hù, ó pọ́n, ó kú kí ó tó yọ orí. Igbó oníyọ̀ tí ó ti di ilẹ̀ mú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti hú kúrò. Nítorí náà, nígbà tí afẹ́fẹ́ dé, ó gbé erùpẹ̀ tí ó lọ́ràá lọ, ó fi amọ̀ líle sílẹ̀. Éékà 640 tí ó lè bọ́ ìdílé kan ní gúúsù kò lè bọ́ ìdílé kan níbẹ̀. Gbèsè ilẹ̀ sì wà lọ́rùn.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìdílé tí ó ti di ẹrù wá ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn tún di ẹrù padà sí gúúsù, àwọn mìíràn kọjá sí ìpínlẹ̀ Victoria. Ìjọba dín gbèsè kù, wọ́n gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tí kò lè ro ó mọ́. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì láti wo ibi tí oko ti kú, ìlà tí wọ́n pa rẹ́ ní ọdún 1874 ni wọ́n rí. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Goyder wà láàyè tí ó fi ojú rẹ̀ rí i. Ọdún 1898 ni ó kú. Láti ọdún 1997 ni ìjọba ìbílẹ̀ kan ní agbègbè náà ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Farina ṣì gbèrú díẹ̀ nítorí ọ̀nà ojú irin tí ó dé ibẹ̀ ní ọdún 1882, ó tilẹ̀ ní nǹkan bí ènìyàn 600 nígbà kan. Lónìí, àwókù ni. Kanyaka, àwókù ni. Ẹni tí ó bá ń gba ojú ọ̀nà àríwá kọjá yóò máa rí ibi iná ìdáná àti ògiri olókùúta tí kò ní òrùlé, ní àárín pápá tí kò sí ẹnìkan. Ilé ènìyàn ni wọ́n. Ènìyàn bímọ níbẹ̀, ènìyàn sì sin òkú níbẹ̀.

ÀWỌN TÍ WỌ́N DÚRÓ

Síbẹ̀ Orroroo kò parẹ́, Quorn kò parẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe dúró? Èkíní, wọ́n gbọ́ ohun tí ilẹ̀ wí. Àwọn tí wọ́n kù ra oko àwọn tí wọ́n lọ, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ tiwọn, wọ́n sin àgùntàn pẹ̀lú àlìkámà, kí èkejì lè gbé wọn bí èkíní bá ṣubú. Èkejì, wọ́n wá ìmọ̀. Ní ọdún 1883, ìjọba dá Ilé Ẹ̀kọ́ Àgbẹ̀ Roseworthy sílẹ̀, ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ọsirélíà. Ní ọdún 1888, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Agricultural Bureau bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ẹ̀ka ní ìletò kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ a kọ ohun tí ó dán wò ní oko rẹ̀ sínú ìwé, a kà á sí etí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn a sì bi í ní ìbéèrè. Ní ọdún 1939, wọ́n ṣe òfin láti dáàbò bo erùpẹ̀ ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ mọ́.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ojú irin tí ń kó ọmọ ogun lọ sí àríwá ń dúró ní Quorn. Àwọn obìnrin ìlú náà ni wọ́n kó ara wọn jọ láti máa se oúnjẹ fún wọn, ọkọ̀ dé lé ọkọ̀. Nígbà tí ìjọba la ojú irin tuntun tí kò gba Quorn mọ́ ní àwọn ọdún 1950, ó dàbí ẹni pé ìlú náà ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1973, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ojú irin àtijọ́ náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe láìgba owó, ọkọ̀ àtijọ́ sì tún ń rìn níbẹ̀ tí àwọn àlejò ń wá wò.

Ẹjọ́ àwọn àti òjò kò tíì parí o. Ọ̀dá ńlá kan mú wọn láti ọdún 1895 títí di ọdún 1903, òmíràn dé ní ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá tí ó sì wọ inú èyí tí a wà yìí. Ní ọdún 2024, ọ̀dá líle tún mú Gúúsù Ọsirélíà, tí àwọn àgbẹ̀ ń ra koríko fún àgùntàn wọn. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí ayé ti ń gbóná sí i, ibi tí òjò mọ ń sún lọ sí gúúsù. Ìlà tí Goyder fà ní ọdún 1865 lè kọjá Orroroo lọ sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n wà ní gúúsù rẹ̀ lónìí tí ọkàn wọn balẹ̀ lè bá ara wọn ní àríwá rẹ̀ láìṣí kúrò ní ojú kan.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó KÀN WÁ

Ẹ̀yin ará wa, a kò sọ ìtàn yìí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a fẹ́ kí Ẹgbẹ́ wa mú nínú rẹ̀.

Èkíní ni pé kí a má ṣe fi ọdún kan tàbí méjì tí ó dára ṣe ìpìlẹ̀ ètò ogún ọdún. Bí a bá fẹ́ dá oko ńlá sílẹ̀, tàbí kí a kọ́ ọjà, tàbí kí a yá owó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi àwọn àgbà tí wọ́n ti rí ọdún búburú. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni ìmọ̀ tí a ń wá.

Èkejì ni pé kí a máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Ẹgbẹ́ ní ìwé kan tí a ó máa kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ dé sí ní ọdọọdún, bí ìkórè ti rí, àti ìgbà tí odò gbẹ. Iṣẹ́ yìí kò ná ni ní owó púpọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogún ọdún, àwọn ọmọ wa yóò ní ẹ̀rí lọ́wọ́, wọn kò ní gbára lé ìrántí àti àròsọ nìkan.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi jù lọ. Kì í ṣe ọ̀dá nìkan ni ó ń sọ ìlú di àwókù. Ìlú di àwókù nígbà tí àwọn tí wọ́n lọ kò bá béèrè rẹ̀ mọ́, tí àwọn tí wọ́n wà nílé kò sì ní ìdí láti bá ara wọn pàdé mọ́. Orroroo kéré, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò pé 1,000, ṣùgbọ́n ìlú ni, nítorí pé àwọn tí ń gbé ibẹ̀ pinnu pé ìlú ni yóò jẹ́. Níbẹ̀ ni igi ńlá kan wà tí wọ́n ṣírò pé ó ti ju ọdún 500 lọ. Ó ti wà níbẹ̀ kí àgùntàn tó dé, ó rí àwọn tí ń rọ́ lọ sí àríwá, ó sì rí wọn nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. Ibi tí omi wà ni gbòǹgbò rẹ̀ lọ, kò retí kí omi wá bá òun.

Kí ìlú wa máa tòrò, kí òjò máa rọ̀ sí àsìkò, kí àwọn tí ó lọ má gbàgbé ilé.